Àwọn Mọ́ṣáláṣí Àtijọ́ tí a Rí ní Ìlú Ahmedabad, Ilẹ̀ Íńdíà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún kíkọ́ mọ́ṣáláṣí wa

  



Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ni ó ní kí á sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò tí a rìn dé ìlú Ahmedabad ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ilẹ̀ Íńdíà. Àwa tí a lọ kì í ṣe akọ̀tàn. Oníṣòwò aṣọ ni púpọ̀ nínú wa, ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó sì gbé wa débẹ̀, nítorí ìlú òwú àti aṣọ ni Ahmedabad láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí a rajà tán, ọjọ́ mẹ́rin ṣẹ́kù kí ọkọ̀ òfurufú wa tó gbéra, ni a bá fi ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà wo àwọn ilé Ọlọ́hun tí àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì kọ́ síbẹ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ Íńdíà, Taj Mahal ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Ó dára, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìlú Agra ni èyíinì wà, sàréè ni wọ́n sì torí rẹ̀ kọ́ ọ. Mọ́ṣáláṣí ni àwa ń kọ́ níhìn-ín, nítorí náà ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ni a ó sọ.

Ọdún 1411 ni Sultan Ahmad Shah tẹ ìlú náà dó sí etí odò Sabarmati, ní apá ìlà-oòrùn odò náà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá bàbá rẹ̀, Muzaffar Shah, ni ó kọ́kọ́ yọ Gujarat kúrò lábẹ́ ọba Delhi. Àwọn ará ìlú ní ìtàn kan tí a gbọ́ lẹ́nu ènìyàn bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ìlú lélẹ̀, wọ́n wá ènìyàn mẹ́rin tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ahmad, tí kò sì sí èyí tí ó pa ìrun Alásàrí jẹ rí nínú wọn. Wọ́n rí mẹ́rin. Ọba fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Olùkọ́ rẹ̀, Sheikh Ahmad Khattu, jẹ́ èkejì. Bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, bóyá àwọn ará ìgbàanì fi iyọ̀ sí i kí ó lè dùn, Ọlọ́hun ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn: wọn kò béèrè ẹni tí ó lówó jù, ìrun ni wọ́n béèrè. Ó sì dá wa lójú pé ọba náà kò fi mọ́ṣáláṣí falẹ̀. Ní ọdún 1414, ìlú kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ó ti kọ́ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ odi ààfin tí wọ́n ń pè ní Bhadra. Mọ́ṣáláṣí kékeré náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1424, ni wọ́n parí ńlá, Jama Masjid, èyíinì mọ́ṣáláṣí Jímọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí Jama Masjid. Bí ènìyàn bá ti apá ààfin bọ̀, yóò gba abẹ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá olójú mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Teen Darwaza kọjá, yóò sì bọ́ sínú ọjà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń fọn fèrè, àwọn obìnrin ń ná aṣọ, ẹlòmíràn ń ta èso. Àfi bí a ṣe gun àtẹ̀gùn díẹ̀, tí a bọ́ bàtà, tí ariwo náà sì rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àgbàlá tí ó wà níwájú ilé ìrun náà fẹ̀ tó mítà 75 ní gígùn àti bíi mítà 66 ní ìbú, òkúta ni wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀. Ojúbọ omi àlùwàlá wà láàárín. Oòrùn ọ̀sán mú kí òkúta náà gbóná gan-an, ẹní ni àlejò ń tẹ̀ lé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà jó.

Ohun kan ṣe wá bí àjèjì ní ìrun Àyílà ọjọ́ náà. Ní ilé wa níhìn-ín, apá ìlà-oòrùn ni a máa ń kọjú sí bí a bá ń kírun. Ní Íńdíà, ìwọ̀-oòrùn ni Kíbúlà wà. Ní Alásàrí, oòrùn tí ń wọ̀ ni ó wà níwájú ẹni. Ọ̀kan nínú wa sọ pé bí a bá fa okùn láti orí ẹní wa ní ilé àti okùn mìíràn láti ibi tí a dúró sí yìí, Mẹ́kà ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé. A ti mọ èyí láti ilé kéwú, ṣùgbọ́n ìgbà tí a fi ara wa dúró síbẹ̀ ni ó yé wa dáadáa.

Òpó 260 ni ó gbé òrùlé mọ́ṣáláṣí náà dúró. Òkúta aláwọ̀ oyin ni gbogbo wọn, òrùlé roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé sì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí wọn. Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó, ìrun dé, kò tíì kà wọ́n dé ìdajì. Mìhírábù márùn-ún ni ó wà lára ògiri Kíbúlà. Ní apá kan, wọ́n gbé pẹpẹ òkè kan sókè, wọ́n sì fi òkúta tí wọ́n dá ihò sí lára yí i ká fún àwọn ará ààfin.

Ta ni ó gbẹ́ gbogbo òkúta wọ̀nyí? Kì í ṣe Lárúbáwá, kì í sì í ṣe ará Páṣíà. Àwọn agbẹ́kùúta Gujarat ni, àwọn tí baba wọn ti ń kọ́ ilé ìsìn fún ẹlẹ́sìn Híńdù àti ẹlẹ́sìn Jain láti ìrandíran. Ọba pè wọ́n, ó sọ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà àti ohun tí kò gbà. Wọn kò gbẹ́ ère ènìyàn tàbí ti ẹranko kankan síbẹ̀, ewé àti òdòdó àti fìtílà alásorọ̀ ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ọwọ́ wọn hàn gbangba lára òpó náà. Àwọn Mùsùlùmí Èkó náà mọ irú àjọṣe yìí: nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọmọ Àgùdà kan tí ó ti Bùràsíìlì bọ̀, João Baptista da Costa, ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìtàn náà kò dùn tán síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé lára òpó mọ́ṣáláṣí kékeré ti ọdún 1414, ilé òrìṣà àtijọ́ ni wọ́n ti kó wọn wá. Ọ̀kan nínú wọn sì ní àkọlé èdè Sanskrit tí ó ti wà ṣáájú ìlú náà gan-an. Àwa kò rí ìdí tí a ó fi bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé Mùsùlùmí ni wá. Ọba ayé ìgbà náà ń ṣe bí ọba. Ohun tí ó tọ́ kí ilé Ọlọ́hun wa tiwa ti wá ni owó tí a fi ìfẹ́ ọkàn dá, lórí ilẹ̀ tí a rà, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Ìwé náà wà lọ́wọ́ Akọ̀wé, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kí ó béèrè.

Mínárà méjì, èyíinì òpó gíga tí Ládánì ti ń pe ìrun, wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà àárín Jama Masjid tẹ́lẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1819 gé wọn dà sí ìdajì, ní ọdún 1957 èyí tí ó kù náà sì lọ. Ìdí wọn nìkan ni a rí. Mọ́ṣáláṣí náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́ ìrun.

Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ní ìhà ìlà-oòrùn, ni sàréè Ahmad Shah wà, èyí tí àwọn ayaba sì wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Ọjà ti yí ti àwọn ayaba ká pátápátá, àwọn tí ń ta aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin pàtẹ wọn dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀. A kò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin inú wa ni wọ́n pẹ́.

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí Sarkhej, ní ẹ̀yìn odi ìlú, níbi tí Sheikh Ahmad Khattu gbé. Ọdún 1451 ni wọ́n parí ilé tí wọ́n kọ́ sí orí sàréè rẹ̀, mọ́ṣáláṣí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sultan Mahmud Begada, ọmọ-ọmọ Ahmad Shah, tí ó jẹ lé ní àádọ́ta ọdún, gbẹ́ adágún omi ńlá síbẹ̀, ó kọ́ ààfin sí etí rẹ̀, nígbà tí ó sì kú ní ọdún 1511, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọba tí ó ní gbogbo ilẹ̀ Gujarat lábẹ́ rẹ̀, nítòsí Àlùfáà ni ó fẹ́ sùn.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín ni ó kàn. Ní Ahmedabad, mọ́ṣáláṣí tí ó jẹ́ orúkọ obìnrin kì í ṣe ẹyọ kan. Ti Rani Sipri, aya Mahmud Begada, tí wọ́n parí ní ọdún 1514, kéré débi pé ènìyàn lè rìn yí i ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi í wé ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye. Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti Bai Harir. Kì í ṣe ọmọ ọba, kì í sì í ṣe ayaba. Alábòójútó agbo ilé àwọn obìnrin ààfin Mahmud Begada ni. Ní nǹkan bí ọdún 1499, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó sì gbẹ́ kànga kan sí iwájú rẹ̀ ní àdúgbò Asarwa.

Ẹ má ṣe rò pé kànga wa tí a ń fi okùn fà ni. Ilé ni wọ́n kọ́ wọ inú ilẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀, àjà márùn-ún, òpó gbígbẹ́ ní ọ̀tún àti òsì. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ooru ń dínkù, nígbà tí a fi dé ìsàlẹ̀, atẹ́gùn tútù ni ó kí wa. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Gujarat, oṣù bíi mẹ́rin péré ni òjò fi ń rọ̀ láàárín ọdún. Ẹni tí ó bá ní omi ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ní ẹ̀mí.

Bai Harir kọ nǹkan sí ara ògiri kànga náà. Ó kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá, ó tún kọ ọ́ ní èdè Sanskrit, kí aládùúgbò rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè kà á. Ohun tí ó wí ni pé kànga náà wà fún ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, láti ibikíbi tí ó bá ti wá, ènìyàn, ẹranko, ẹyẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó wá kọ iye owó tí ó ná: 329,000, nínú owó mahmudi ti ìgbà náà. Ẹ̀yin Akápò, ẹ gbọ́ o! Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún, ìṣírò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, gbogbo ayé ń kà á. Ìgbìmọ̀ wa náà ti ṣèlérí pé wọn yóò máa lẹ ìwé owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde mọ́ ẹnu-ọ̀nà ní gbogbo ìparí oṣù, àwa yóò sì máa lọ wò ó. A kò sì rí ẹ̀rọ omi nínú àwòrán ilé tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sí i, kí ẹ sì fa ẹnu rẹ̀ kan síta fún àwọn ará àdúgbò.

Ní ti àwọn mínárà tí ń mì, a gbọ́ òkìkí wọn kí a tó dé ibẹ̀. Ti Sidi Bashir ni ó lókìkí jù. Bí wọ́n bá mi ọ̀kan nínú wọn lókè, èkejì yóò gbọ̀n, afárá tí ó so wọ́n pọ̀ kò sì ní mì. Ogun ti wó mọ́ṣáláṣí náà fúnra rẹ̀ ní ọdún 1753, àwọn mínárà àti ẹnu-ọ̀nà wọn ni ó kù. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mì wọ́n mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú mínárà kan ní mọ́ṣáláṣí mìíràn palẹ̀ láti mọ àṣírí rẹ̀, wọn kò sì rí i tò padà.

Sidi tí ó wà nínú orúkọ Sidi Bashir yìí ni kí ẹ fi etí sí. Sidi tàbí Habshi ni orúkọ tí àwọn ará Íńdíà ń pe ènìyàn dúdú tí ó ti Áfíríkà wá. Inú ọkọ̀ ojú omi ni púpọ̀ wọn bá dé, a sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wá bí ẹrú, ṣùgbọ́n nílé àwọn ọba Gujarat, ẹrú lè di jagunjagun, jagunjagun lè di ìjòyè. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní Gujarat dòní, Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. A kò sọ pé Yorùbá ni wọ́n o. Apá Etiópíà àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti wá, ibi kan náà tí Bìlálì, Ládánì Ànábì, ti ṣẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Sidi Saiyyed. Ọ̀nà Yemen ni ó gbà dé Gujarat, ó sin àwọn ọba ibẹ̀, ó lówó, ó ń ran tálákà lọ́wọ́, ó sì kó ìwé jọ púpọ̀. Ní ọdún 1572 sí 1573, ó kọ́ mọ́ṣáláṣí kan. Ilé náà kò tóbi rárá. Àwọn fèrèsé rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Àwa oníṣòwò aṣọ kò mọ ohun tí a lè fi wé ju léèsì lọ: òkúta líle ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n dá ihò sí lára wínníwínní bí ìgbà tí a bá na léèsì sójú oòrùn. Méjì nínú wọn, lára ògiri ẹ̀yìn, ni ó ga jù lọ ní ẹwà. Igi kan ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, ewé ń wọ inú ewé, igi ọ̀pẹ ń yọ láàárín wọn. Nígbà tí oòrùn bá kọjá lára rẹ̀, òjìji igi náà a máa tẹ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ń forí kanlẹ̀. Nígbà tí ìjọba Íńdíà dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣàkóso òwò sílẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1961, igi yìí ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀.

Fèrèsé àárín gan-an, tí ó yẹ kí ó lẹ́wà jù, òkúta dídí ni, kò sí iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé ogun ni kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀, nítorí ọdún náà gan-an ni Akbar, ọba Mughal, gba Gujarat, tí ìjọba àwọn ọba tí Sidi Saiyyed ń sìn sì wá sí òpin.

Ìyà tí ó wá jẹ mọ́ṣáláṣí náà lẹ́yìn ìgbà náà ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní ayé ìjọba Maratha, ìrun dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní ọdún 1818, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn akọ̀wé jókòó síbi tí àwọn ènìyàn ti ń forí kanlẹ̀. Ìgbà tí Lord Curzon, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà láti ọdún 1899 sí 1905, rí i ni ó ní kí wọ́n kó ọ́fíìsì náà kúrò. Fèrèsé náà kò kúrò lójú kan ní gbogbo ìgbà yẹn, igi náà kò sì já ewé kan. Ìjọ ni kò sí. Lónìí ìrun ti padà síbẹ̀, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀ yè. Wali, akéwì èdè Urdu tí ó kú ní Ahmedabad ní ọdún 1707, ní sàréè ní ìlú náà. Nínú ìjà ẹ̀sìn oṣù kejì sí oṣù kẹta ọdún 2002, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ sí i, wọ́n wó sàréè náà palẹ̀, láìpẹ́ wọ́n sì da ọ̀dà títì lé e lórí. Awakọ̀ wa fi ibẹ̀ hàn wá láìdúró. Ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO fi ìlú àtijọ́ Ahmedabad sí ara àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí ó gba irú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí a dárúkọ wọ̀nyí, ẹ̀ka ìjọba Íńdíà tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ ni ó ń tún wọn ṣe. Kò sí ẹ̀ka ìjọba kankan tí yóò kun mọ́ṣáláṣí tiwa ní ọ̀dà, tàbí tí yóò san owó iná rẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a lọ sí ìrìn-àjò yìí ti fi ẹnu kò sí ohun kan, a sì ti bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́. Ilẹ̀ tí ó kọjú sí títì gba ilé ìtajà mẹ́fà. Àwa yóò kọ́ méjì àkọ́kọ́, a ó sì fi wọ́n ṣe wàkáfù, kí owó tí wọ́n bá ń mú wọlé lọ́dọọdún máa jẹ́ ti àtúnṣe mọ́ṣáláṣí, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á, kí ọmọ wa kankan má sì lè wí pé ogún baba òun ni. Mẹ́rin ṣẹ́kù. Ìwé tí a ó kọ orúkọ sí wà lórí tábìlì Akápò, lápá ọ̀tún ẹnu-ọ̀nà, títí di ìrun Alásàrí òní.